Mo Gbàdúrà fún Kòtò Ìgbẹ́ ní Hóláǹdì

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé, ara mi sì le koko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí nípa ilé gogoro àti títì aláràbarà, nítorí mi ò rí ìkankan. Màlúù ni mo lọ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo lò ní Hóláǹdì, ibi tí mo sì ti dúró pẹ́ jù lọ ni etí kòtò kan tí ìgbẹ́ màlúù kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ jẹun tán ná kó tó máa bá mi bọ̀.

Èèkàn mẹ́rin

Ilẹ̀ bàbá wa tó wà ní Sẹ̀kọ̀nà ló gbé mi dé ìlú olótùútù. Àwa méjì la jogún rẹ̀: èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alájà Sìkírátù, tó ń gbé nínú agboolé wa ní Ẹdẹ pẹ̀lú ewúrẹ́ mọ́kànlá. Èmi ni mo ti ń dáko níbẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀wà díẹ̀ àti àgbàdo púpọ̀ ni mò ń gbìn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àgbàdo náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan. Ewé ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n, á bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, á tọ àárín ewé wọlé, ọ̀rọ̀ náà á wá máa gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀. Tó bá yọmọ, ọmọ rẹ̀ ò ju àtàńpàkò mi lọ.

Ọkùnrin kan wá, ó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kó gé e sí púlọ́ọ̀tì. Ìdùnnú rẹ̀ pọ̀ débi pé a ò tíì fún un lésì tó fi kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì so aṣọ pupa mọ́ wọn lórí. Alájà ránṣẹ́ pè mí.

"Múfú, ó tó gẹ́ẹ́. Ilẹ̀ yẹn ti gbó. Ìwọ náà sì ti ń gbó tì í."

"Àǹtí mi, ẹ fún mi lọ́dún kan sí i."

"Ọdún kan kẹ̀? Àgbàdo òjò àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni mo fún ọ. Bí mo bá dé oko tí mo rí ewé pípọ́n kan ṣoṣo, màá fọwọ́ sí ìwé ọkùnrin yẹn."

Ó ti kírun Aláásàrí tán nígbà tó sọ ọ́, Alájà kì í sì í ṣàwàdà lẹ́yìn Aláásàrí. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Orí ilẹ̀ yẹn ni bàbá mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé ìwẹ̀ ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Ọmọ Alájà, Rúkáyà, ló gbà mí sílẹ̀. Hóláǹdì ló ń gbé, ó ń bá wọn fún wàrà màlúù ní oko kan. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bàbá Ṣàkírù, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àwọn àgbẹ̀ ibí mọ ohun tí ilẹ̀ ń jẹ."

Ilẹ̀ nínú agolo

Ẹ mọ̀ pé mi ò lè lọ sílé àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi lọ́wọ́ òfo. Mo di gaàrí, mo di ata gígún, mo sì bu erùpẹ̀ oko wa sínú agolo mílíìkì kan, kí wọ́n lè wò ó bí dókítà ṣe ń wo ìtọ̀. Ní pápákọ̀ òfúrufú wọn, ọmọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ ṣí agolo náà. Èdè Òyìnbó tí èmi náà gbọ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Kí nìyí?"

"Ilẹ̀ bàbá mi ni."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Rárá. Ìyókù wà ní Sẹ̀kọ̀nà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n pe Sẹ̀kọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọ̀gá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ wo inú agolo náà fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá náà ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù pé wọn kì í jẹ́ kí erùpẹ̀ àjèjì wọ ìlú àwọn, nítorí nǹkan ẹlẹ́mìí lè wà nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ká ní nǹkan kan wà nínú rẹ̀ ni, mi ò bá tí wá síbí."

Wọ́n jẹ́ kí n mú gaàrí lọ. Erùpẹ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n dà á sínú àpò ọ̀rá kan, wọ́n fi okùn pupa dí i lẹ́nu. Mo dúró, mo ń wò ó. Nílé, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà ṣì ń bẹ̀ wá. Àwọn ará Hóláǹdì gba tiwọn láìna kọ́bọ̀.

Ewé tó ń jóni

Hẹ́ńkì lorúkọ àgbẹ̀ tí Rúkáyà ń bá ṣiṣẹ́. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Anẹ́kẹ, ti fìgbà kan jẹ́ tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọléèwé ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn àti màlúù wọn ń gbé, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n. Èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ nílé, Rúkáyà ló sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa. Ohun àkọ́kọ́ tí Hẹ́ńkì sọ fún mi lẹ́yìn tó bọ̀ mí lọ́wọ́ ni pé bàtà mi ò dáa. Mo rò pé ó ń bú mi ni. Mo jáde síta, mo rì sínú ẹrẹ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ fún mi. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn níbẹ̀, wọn kì í fi nǹkan bò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé búrẹ́dì ka iwájú mi. Wọ́n fi bọ́tà ra á, wọ́n wá wọ́n nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀. Mo wò ó títí.

"Rúkáyà, kí ni wọ́n dà sórí eléyìí?"

"Ṣokoléètì ni, Bàbá Ṣàkírù."

"Ìgbẹ́ eku ni."

"Ẹ ṣáà jẹ ẹ́."

Mo ṣe bísímílà, mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Mo jẹ mẹ́rin lọ́jọ́ náà, mo sì ń jẹ ẹ́ láràárọ̀ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bísíkíìtì. Bí ẹ bá ń mu tíì, wọ́n á ṣí agolo bísíkíìtì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan. Bí ẹ bá ti mú ọ̀kan báyìí, wọ́n á dé agolo náà, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé e padà sókè. Kì í ṣe ahun ni wọ́n. Lójú tiwọn, ọ̀kan tó. Èmi náà wa gaàrí fún wọn nínú wàrà tútù, mo ní ká jọ mu ún. Hẹ́ńkì mu tirẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó sì béèrè bóyá àwọn màlúù wa náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ilé, ewéko ibẹ̀! Ó tutù yọ̀yọ̀ débi pé mo fi ọwọ́ ra á wò bóyá ọ̀dà ni. Mo rí igi ewé kan lẹ́bàá ọgbà, ewé rẹ̀ dúdú, ó nípọn, ó wuyì. Ilẹ̀ tó bí irú èyí ti yó, ni mo sọ fún ara mi. Mo fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Ó jó mi bí èsìsì, mo sì fò sókè. Hẹ́ńkì rọra sọ fún Rúkáyà pé ibi tí oúnjẹ ilẹ̀ bá ti pọ̀ jù ni ewé yẹn máa ń hù.

Mo ní kó tún un sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń dáko, mi ò tíì gbọ́ "pọ̀ jù" lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ rí.

Àdúà

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Hẹ́ńkì mú mi wọ ilé màlúù. Ilẹ̀ tí àwọn màlúù dúró lé ní àlàfo tóóró tóóró, ìgbẹ́ wọn ń gba ibẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀. Ó mú mi yí sí ẹ̀yìn ilé, ó gbé ìdérí irin kan sókè, ó ní kí n wò ó. Kòtò ni, ó gùn tó ilé náà fúnra rẹ̀, ó sì kún fún ìgbẹ́ ṣíṣàn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Ẹ gbà mí gbọ́, omi lé sí mi lójú. Kì í ṣe nítorí òórùn. Mo rántí iye ìgbà tí mo ti tò fún àpò ajílẹ̀ òyìnbó kan ṣoṣo tí wọ́n á ní ó tán kó tó kàn mí. Àgbẹ̀ kan rèé tí ọrọ̀ wà ní abẹ́ ẹsẹ̀ màlúù rẹ̀. Mo ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín ì bá ṣe bó bá rí oore Ọlọ́run lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo tẹ́wọ́ méjèèjì, mo gbójú sókè.

"Ọlọ́run á fi kún un. Kò ní gbẹ láéláé. Á kún, á sì ṣàn sílẹ̀. Bí ẹ bá jí lọ́la, kẹ́ ẹ bá a ní ìlọ́po méjì."

Mo dúró de Àmín. Rúkáyà ń wo ilẹ̀.

"Sọ ọ́ fún wọn, ọmọ yìí."

"Bàbá Ṣàkírù, ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣé wọn ò fẹ́ àdúà ni?"

"Wọ́n fẹ́ àdúà. Wọn ò ní fẹ́ eléyìí."

Mo ranjú mọ́ ọn. Ó túmọ̀ rẹ̀. Hẹ́ńkì ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Anẹ́kẹ, tó ń gbé omi bọ̀ lẹ́yìn wa, dojú korobá rẹ̀ dé, ó sì jókòó lé e.

Hẹ́ńkì wá ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ ò sì ga. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ tó kù kí kòtò náà kún dé ẹnu. Òfin ò gbà á láyè láti da ìgbẹ́ sí oko nígbà òtútù. Bó bá kún, òun ló máa sanwó fún ọkọ̀ tó máa wá fà á lọ. Náítírójìn, ìyẹn ohun tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, ti wá pọ̀ lórí ilẹ̀ wọn débi pé ó ń wọ inú omi, ó sì ń pa àwọn ewéko kéékèèké inú igbó tó wà nítòsí. Ìjọba ti kọ̀wé sí i pé kó dín màlúù kù. Bó bá sì dín wọn kù tó bí wọ́n ṣe fẹ́, kò ní rí nǹkan kan fi gbé oko náà ró mọ́.

Ó ní, "Oko bàbá mi ni. Bàbá rẹ̀ náà ló ni ín tẹ́lẹ̀."

Mo ti la ẹnu láti rẹ́rìn-ín nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo pa á dé. Èmi fẹ́ pàdánù oko bàbá mi nítorí náítírójìn ò sí, òun fẹ́ pàdánù ti bàbá rẹ̀ nítorí ó pọ̀, èmi ni mo sì ní kí Ọlọ́run fi kún un. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹ búrẹ́dì alẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ọjọ́ kejì, gbogbo àárọ̀ ni mò ń lọ ṣí ìdérí yẹn, mo ń fi igi gígùn kan wọ̀n ọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti fi ìka kan ga sí i. Mo mọ̀ pé màlúù ló ń ṣu, síbẹ̀ ọkàn mi ń dá mi lẹ́bi. Mo tẹ́ ẹní ìrun mi sí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, mo bẹ Ọlọ́run kó jọ̀ọ́ má dá mi lóhùn. Mi ò gbàdúrà bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ìbéèrè Anẹ́kẹ

Nígbà tó ku ọjọ́ mélòó kan kí n padà, Anẹ́kẹ ní kí n fi àwòrán àgbàdo mi han òun. Mo ṣí fóònù mi fún un, ó wo ewé náà dáadáa.

Ó ní, "Ebi ń pa á. Bó bá jẹ́ etí ewé ló jóná, ebi pọtáṣíọ̀mù ni à bá sọ pé ó ń pa á. Bó bá jẹ́ pé ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, ebi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni. Èyí tó ti ṣóńṣó wá sí àárín, tó sì ń ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, náítírójìn ni. Bí kò bá rí i nínú ilẹ̀, á gbà á lára ewé àgbà, á gbé e fún ewé ọmọdé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bú àwọn ewé ìsàlẹ̀ yẹn ní ọ̀lẹ.

Mo béèrè oògùn rẹ̀. Dípò kó fèsì, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí.

"Bẹ́ ẹ bá kórè tán, pòròpórò àgbàdo ńkọ́?"

"A máa ń sun ún. Oko mi máa ń mọ́ tónítóní." Mo fi ṣe fáàrí díẹ̀.

"Ẹ̀wà ńkọ́?"

"A máa ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. A máa ń sun ìyẹn náà."

Anẹ́kẹ di ojú fúngbà díẹ̀. "Háhá àgbàdo àti èèpo ẹ̀wà ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ń jẹ ẹ́ nílé."

"Ìgbẹ́ ewúrẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n máa ń gbá a láràárọ̀, wọ́n á dà á sí ààtàn lẹ́yìn ilé."

"Kí ló ń hù lórí ààtàn yẹn?"

 Rúkáyà, tí wọ́n bí sí agboolé yẹn, dá a lóhùn fún mi. Tẹ̀tẹ̀ ń hù níbẹ̀, ó ga dé èjìká àgbàlagbà. Tòmátì tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ń hù níbẹ̀. Igi àgbàdo kan wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó dúdú bọ̀lọ̀jọ̀, ó yọ ọmọ méjì, gbogbo wa sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ máa sunkún àgbàdo Sẹ̀kọ̀nà.

Anẹ́kẹ sọ gbólóhùn gígùn kan. Rúkáyà ní, "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́."

"Rúkáyà, ọ̀rọ̀ wọn gùn ju ìyẹn lọ."

Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní olè ni yín. Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún lẹ ti ń kó oko bàbá yín jáde ní àpò-àpò, ẹ ò sì dá nǹkan kan padà rí. Wọ́n ní èyí tí ẹ ò bá kó lọ, ẹ ń sun ún."

Inú bí mi, mo jáde lọ dúró nínú òtútù. Anẹ́kẹ tẹ̀ lé mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ewéko kékeré kan tu nínú pápá, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ó sì nawọ́ gbòǹgbò rẹ̀ sí mi. Kókó róbótó róbótó wà lára rẹ̀ bí ilẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Rúkáyà ti sáré dé, ó túmọ̀ rẹ̀ pé inú àwọn kókó yẹn ni àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ń gbé, tí wọ́n ń gba náítírójìn látinú afẹ́fẹ́ wá sínú ilẹ̀. Ẹ̀wà náà ní irú rẹ̀. Èmi tí mò ń wá náítírójìn kiri, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń fà á tu tí mo ń jù ú síná. Ìbínú mi kúrò lára Anẹ́kẹ, ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, Hẹ́ńkì fún mi ní bàtà rọ́bà gígùn. Ó ní ká ní òun lè di ìdajì kòtò yẹn sínú báàgì mi, òun ì bá dì í. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Mo tẹ́wọ́, mo sì rí i tí ẹ̀rù ba Rúkáyà.

Mo ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kó tó. Kó má pọ̀ jù, kó má kéré jù. Oko yìí ò ní bọ́ lọ́wọ́ yín."

Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un, Hẹ́ńkì ṣí fìlà. Títí mo fi ń kọ èyí, Rúkáyà sọ pé oko náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba ṣì ń wá.

Ewúrẹ́ Alájà

Gbogbo agboolé ló pé jọ lọ́jọ́ tí mo dé Ẹdẹ. Alájà wo báàgì mi.

"Oògùn náà dà?"

"Ó wà lẹ́yìn ilé, Àǹtí mi. Lórí ààtàn."

Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Hóláǹdì lo lọ. Inú bàálù lo jókòó sí. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ mi lo padà wá tọrọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kó o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ewé pípọ́n yẹn ṣì dúró bí mo ṣe sọ ọ́."

Ọlọ́kadà mẹ́ta ló sá fún mi nígbà tí wọ́n gbọ́ òórùn ẹrù mi. Ẹ̀kẹrin gbà, ó fi aṣọ di imú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sí Sẹ̀kọ̀nà ní àpò méjì-méjì. Àwọn tó ń tajà ní oríta béèrè ohun tí mò ń tà. Èmi nínú bàtà Hẹ́ńkì, mo ní mi ò tà á, mò ń dá a padà ni. Wọ́n bi ọlọ́kadà bóyá ara mi yá. Mo po ìgbẹ́ náà mọ́ pòròpórò, mo jẹ́ kó jẹrà. Nígbà tí òjò dé, mo gbin àgbàdo, mo gbin ẹ̀wà sáàárín rẹ̀. Mo sì pín ìwọ̀nba ajílẹ̀ òyìnbó tí mo rí sí ọ̀nà méjì dípò kí n dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Láràárọ̀, àwọn ẹlòmíràn ń wo orí àgbàdo wọn, èmi ń dọ̀bálẹ̀ wo ìdí tèmi.

Ọ̀sẹ̀ tí àgbàdo yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ni Alájà dé. Ó gbé ewúrẹ́ kan sórí itan lórí ọ̀kadà, ìwé ọkùnrin yẹn sì wà nínú báàgì rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀nà o, Àǹtí mi. Ti ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Mo mú un wá kó wá jẹ àjẹkù. Bí mo bá rí ewé pípọ́n, inú oko ni màá tú u sí."

Orúnkún ń dùn ún, síbẹ̀ ó ń bẹ̀rẹ̀ ní poro kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ewé ìsàlẹ̀. Ó tutù. Ó bọ́ sí poro kejì, ó tutù. Mò ń tẹ̀ lé e. A lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi dé igun oko, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn èèkàn mẹ́rin wà. Alájà bẹ̀rẹ̀, kò sì tètè dìde.

Igi àgbàdo kan wà nítòsí èèkàn náà. Ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n, láti ṣóńṣó wá sí àárín.

"Múfú. Èyí ńkọ́?"

"Ìgbẹ́ ò dé ibẹ̀, Àǹtí mi. Ó tán kó tó dé igun yẹn."

Alájà wo ewé náà. Ó yíjú padà wo gbogbo oko tó dúdú lẹ́yìn wa títí dé ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló fa ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó já aṣọ pupa tó wà lórí èèkàn, ó sì so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Ó jẹ́ kí okùn rẹ̀ kúrú, kó má baà lè dé ìdí àgbàdo.

"Kó máa ṣu síbẹ̀," ló wí.

Alájà tẹ́wọ́ méjèèjì. "Ọlọ́run á fi kún un..."

"Àǹtí mi, ẹ dákun, ẹ ní kó tó."

Ó wò mí láti orí dé bàtà Hẹ́ńkì. "Òyìnbó ti ba ọmọ yìí jẹ́." Ṣùgbọ́n ó tún tẹ́wọ́. "Ó dáa. Kó tó."

Ewúrẹ́ náà gbé ìrù sókè.